Ọpẹ́ Obìnrin Tí Kò Dúpẹ́

Ọkùnrin kan wà tí ìjọ rẹ̀ fi ṣe olórí ẹgbẹ́ aláàánú. Níbikíbi tí omi bá ti ya wọ ìlú, tí iná bá ti jó ọjà, tí ìjì bá ti ṣí òrùlé àwọn ènìyàn dànù, òun ni a máa ń rán. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Kò jalè níbẹ̀, kò sì fi iṣẹ́ náà wá orúkọ. Mo tètè ń sọ èyí kí o má baà rò pé ènìyàn burúkú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni. Àwọn ènìyàn dáadáa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí sì wà fún, nítorí ènìyàn burúkú kì í dé ibi tí ọkùnrin yìí ti ṣe àṣìṣe tirẹ̀.

Ó ní òfin kan tó fi ń pín nǹkan. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀, ìjọ sì fara mọ́ ọn nítorí ó dùn ún gbọ́. Òfin náà ni pé ọpẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí a bá ti já ẹrù kalẹ̀, tí àwọn tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí bá ti tò sórí ìlà, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò jáde síwájú, yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò sọ ohun kan tí Ọlọ́run ṣe fún un nínú ìjàǹbá náà, yóò sì ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa." Gbogbo àwa tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà yóò dáhùn pé, "Halelúyà!" Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó gba ìrẹsì rẹ̀, ẹní rẹ̀, ọṣẹ rẹ̀ àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. A ní bánà kan tí a máa ń so kọ́ sẹ́yìn tábìlì tí a ti ń pín nǹkan. Òwe kan ló wà lára rẹ̀, a fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

A kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ta ni yóò sọ pé ọpẹ́ kò dára? Àwọn tí a ń pín nǹkan fún náà tètè mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó á dúpẹ́ pé kò wó lé òun lórí. Ẹni tí apá rẹ̀ kán á dúpẹ́ pé kì í ṣe ọrùn. Mo rí bàbá arúgbó kan tó dúpẹ́ pé àwọn ewúrẹ́ òun tó kú sínú omi kò pẹ́ jẹ ìyà kí wọ́n tó kú. Àwa ń pàtẹ́wọ́, àpò ìrẹsì ni ojú rẹ̀ ń wò. Bí mo bá rántí bàbá náà lónìí, ojú a máa tì mí.

Ní ọdún kan, odò ńlá kún, ó sì ya wọ ìlú kan tó wà létí rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ilé alámọ̀ kò kù níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó yè sá lọ sí ilé ìwé tó wà lórí òkè. Ìdílé mẹ́ta mẹ́rin ló ń sùn nínú yàrá kan, lórí símẹ́ńtì lásán. Ọjọ́ kẹrin ni àwa dé. A gbé ọkọ̀ ojú omi kan lọ, ọkọ̀ onípákó tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, nítorí àwọn abúlé kan wà lẹ́yìn ìlú náà tí mọ́tò kò lè dé mọ́. Ẹni tó ń tu ọkọ̀ náà ti ń bá olórí wa ṣiṣẹ́ láti ọdún kìíní. Àbúrò ni olórí ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bá ara wọn tan. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Atukọ̀ náà nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, ìyá náà sì wà nínú ìjọ wa, nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá.

Obìnrin kan wà nínú ilé ìwé náà pẹ̀lú ọmọ méjì. Ọkọ rẹ̀ ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìlú náà. Nígbà tí omi dé, ọkùnrin yìí kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ gun òkè, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ láti lọ gbé ìyá arúgbó kan tó jẹ́ aládùúgbò wọn. Ẹlòmíràn ti fi ọkọ̀ gbé ìyá náà jáde. Òun kò mọ̀. Ó wọ omi dé àyà, ó yà ní kọ́nà ilé kan, kò sì sí ẹni tó rí i mọ́.

Láràárọ̀ ni obìnrin náà ń pọn àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń rìn létí omi, tí ó ń wo gbogbo ohun tí omi bá gbé wá. Àwọn ará ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀. Wọ́n ní, "A ò rí òkú, a ò lè sọ pé ó kú. Ta ló mọ̀ bóyá ó ti sá lọ síbìkan?" Nítorí náà, kò lè wọ aṣọ dúdú, kò sí ẹni tó wá kí i kú ará fẹ́ra kù, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé tí ẹgbẹ́ wa kọ orúkọ àwọn opó sí. Kì í ṣe ìyàwó ilé, kì í ṣe opó. Àwọn àgbà tó ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ, ojú wọn ti rí nǹkan. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ń fẹ́ láyé lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, kí ó rí ọkọ rẹ̀ kí ó sì sin ín.

Ní ọjọ́ tí a pín nǹkan, ó tò bí àwọn yòókù. Nígbà tó kàn án, olórí na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i. Kò gbà á.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ ojú omi yín ni mo wá bẹ̀ yín sí. Ọjọ́ kan péré. Mo fẹ́ wá bàbá àwọn ọmọ mi."

Olórí fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. Ó ní, "A gbọ́, arábìnrin. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lórí èyí tó kù ná. Ẹ̀yin yè, àwọn ọmọ yè. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Obìnrin náà wò ó. Ó ní, "Agbè gan-an ni mo ń wá, sà."

Olórí tún bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn sọ gbólóhùn kan, kí ètò lè máa lọ. Obìnrin náà ní, "Mi ò lè máa fi ẹnu dúpẹ́ nígbà tí ọkàn mi wà nínú omi. Ọlọ́run á mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa."

Lójú olórí wa, àfojúdi sí Ọlọ́run nìyí. Inú bí i. Ó yíjú sí bánà, ó ka òwe ara rẹ̀ sókè ketekete, ó sì pe ẹni tó kàn. Obìnrin náà dìde, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gba ìrẹsì, kò gba ẹní. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń húkọ́. Mo wà níbẹ̀, mo rí gbogbo rẹ̀, n kò sì la ẹnu mi.

Ẹni tó la ẹnu ni atukọ̀. Nígbà tí a pín nǹkan tán, ó gbé ẹní tirẹ̀ lọ fún obìnrin náà, ó sì wá bá olórí níbi tó ti ń jẹun.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbé obìnrin yẹn yí odò ká lọ́la. Kò ní ju wákàtí mélòó kan lọ."

Olórí ní, "Epo bẹntiróòlù tí ìjọ rà, àwọn alààyè ni wọ́n rà á fún. Òkú ò ní í sá lọ."

Atukọ̀ ní, "Àwọn ará ọkọ rẹ̀ ní ó sá lọ ni, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ṣe ń wá a nìyẹn."

Olórí bu òkèlè mìíràn. Ó ń jẹun rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì fẹ́ gbé ẹrù lọ sí abúlé kan lódìkejì. Wọ́n to ìrẹsì àti ẹní sínú ọkọ̀ títí ó fi kún. Olórí tún ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lé e, àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn pẹ̀lú àpótí rẹ̀ méjèèjì, nítorí iná kò sí lábúlé. Atukọ̀ wo bí omi ṣe súnmọ́ etí ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a fi jẹnẹrétọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. A ó padà wá gbé e." Olórí bi í pé, "Kí la ó wá fi gbọ́ ẹ̀rí wọn?" Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n lọ.

Odò tó bo ìlú kì í ṣe odò tí a mọ̀. Ilé wà lábẹ́ rẹ̀, igi wà lábẹ́ rẹ̀, ògiri wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí omi ti ń sáré, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gbá góńgó òrùlé ilé kan tó ti rì. Ká ní ọkọ̀ náà fúyẹ́ ni, ì bá yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ó há, ó tẹ̀ sápá kan, ó sì dojú dé. Olórí kò mọ omi í wẹ̀. Ó mu omi, ó rì, ó yọ, ó tún rì. Ohun tó rí nígbà tó tún yọ ni kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan tí atukọ̀ ń tì bọ̀ níwájú rẹ̀. Atukọ̀ ní, "Ẹ dì í mú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi sílẹ̀." Olórí dì í mú, ó di ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó máa fi la ojú, ẹní ló ń léfòó káàkiri. Ó pe atukọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn apẹja ló fà á jáde.

Ọjọ́ kẹta ọjọ́ náà ni ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ará ìjọ wá láti ilé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì méjì, ìyá atukọ̀ wà nínú wọn, a sì ṣe ìsìn ní ọgbà ilé ìwé yẹn, lábẹ́ tapólì. Ìwọ mọ̀ bí tiwa ti rí. Ẹni tí ikú bá tú sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jó wá síwájú pẹpẹ, kí gbogbo ìjọ sì bá a jó. A kì í dúró kí egbò jinná. Pásítọ̀ pe olórí aláàánú jáde, ó ní kí á bá a gbé Ọlọ́run ga. Èmi ni mo dá orin. Mo ní ohùn dáadáa nígbà náà, mo sì gbé e sókè débi pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ létí odò gbọ́.

Olórí dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pariwo pé, "Ẹ jó, bàbá! Omi ló dànù, agbè ò fọ́!"

Ó dúró sójú kan. Ó yí orí, bóyá láti wá ẹni tó pariwo, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ìyá atukọ̀. Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ilé ìwé. Gèlè rẹ̀ ti tú, ó wà ní ọrùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Ó ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà nínú omi níbìkan, ó sì ń pàtẹ́wọ́ sí orin wa, nítorí ọdún mẹ́sàn-án ni a ti fi kọ́ gbogbo ìjọ pé bí a ti í ṣe é nìyẹn. Olórí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó jáde kúrò lábẹ́ tapólì. A rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló gbé e. Mo tilẹ̀ tún orin náà dá lẹ́ẹ̀kejì.

Ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, ó kẹ̀yìn sí orin wa. Obìnrin tí kò dúpẹ́ ló tọ̀ ọ́ lọ. Kò kí i kú ewu, kò ní kó mọ́kàn le. Ó jókòó síbi tó jìnnà díẹ̀ sí i, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Níbo lẹ ti rí i kẹ́yìn, sà?"

Olórí sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé gbogbo ìjọ ló ti bá òun sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kò sì sí ẹnì kan tó bi òun ní ìbéèrè yẹn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà, ó sọ ti òrùlé, ó sọ ti kẹ́ẹ̀gì, ó sọ ohun tí atukọ̀ wí. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí dópin. Ìgbà náà ló tó yé olórí pé òun kò bi obìnrin yìí ní nǹkan kan rí. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, arábìnrin? Níbo lẹ̀yin ti rí tiyín kẹ́yìn?" Obìnrin náà ṣí ẹnu láti dáhùn, ẹkún ló jáde.

Bí àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkú wọn nìyẹn. Wọ́n yá ọkọ̀ kékeré kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ àwọn apẹja. Obìnrin náà ló jókòó sẹ́yìn, tí ó ń fi àjẹ̀ darí, nítorí òun ló mọ omi. Ó ti ń fẹsẹ̀ rin etí rẹ̀ láràárọ̀ láti ìgbà tí omi ti dé. Ó mọ ibi tí odò ń da igi sí, ó mọ ibi tí ó ń da ẹran sí, ó mọ kọ̀rọ̀ tí òjúoró ti ń kó jọ, tí ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í lè jáde. Ní ọjọ́ kìíní, ilẹ̀kùn kan àti òkú àgùntàn ni wọ́n rí. Ní ọjọ́ kejì, wọn kò rí nǹkan kan.

Olórí gbìyànjú láti gbàdúrà nínú ọkọ̀ náà. Kò lè ṣe é. Ó ní òun gbójú sókè, ojú ọ̀run kàn wà níbẹ̀ bó ṣe máa ń wà ni. Ọkùnrin tó ti di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú fún ọdún mẹ́sàn-án kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún Ọlọ́run. Ẹ̀rù sì bà á ju bó ṣe bà á lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dojú dé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀mí rẹ̀ nìkan ló fẹ́ bọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ya òjúoró sọ́tùn-ún sósì, wọ́n sì rí ọkùnrin kan tó dojú bolẹ̀. N kò ní sọ bó ṣe rí fún ọ. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́líìtì ni ó fi di ṣòkòtò rẹ̀, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni, ó sì ta á ní kókó méjì lápá òsì. Obìnrin náà rí kókó yẹn. Ó bọ́ sínú omi, omi mù ún dé ìdí. Olórí sáré na ọwọ́ láti dì í mú, ó rò pé ó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ ni.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, omi sì dé ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Olúwa mi, o ṣé. O ṣé o. Mo rí i." Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá àwọn ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ló tó ké, igbe náà sì gba gbogbo odò.

Ọkùnrin tí mo ń sọ yìí ti gbọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọpẹ́ láyé rẹ̀. Ó ní gbogbo irun ara òun ló dìde. Kò sí ìrẹsì lẹ́yìn ọpẹ́ yìí, kò sí ẹni tó máa ké Halelúyà, ohun tí obìnrin náà sì ń dúpẹ́ fún ti ń rùn. Ó ní ìgbà náà ni òun mọ̀ pé òun kò tíì gbọ́ ọpẹ́ rí.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ sàárè. Àwọn ará ọkọ wá, wọ́n dúró tì wọ́n. Wọ́n wọ aṣọ dúdú fún obìnrin náà, wọ́n sì ní kó jókòó sójú kan fún ogójì ọjọ́ gẹ́gẹ́ bí opó ti í ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olórí sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò láti lọ wá atukọ̀ lóun nìkan. Ó bá obìnrin náà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀, ó gbé àjẹ̀ lé orúnkún. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró létí omi, ó ń pariwo pé opó kì í jáde, pé kí ló fẹ́ sọ ìdílé àwọn dà.

Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, màmá. Ẹni tó bá mi wá tèmi, mi ò ní jẹ́ kó dá wá tirẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n tún fi wá atukọ̀. Omi ń fà díẹ̀díẹ̀, ògiri ń yọrí, àwọn ènìyàn ń padà wá wo ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀. Wọn kò rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ, obìnrin náà gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Sà, ibi tí mo mọ̀ nínú odò yìí parí síbí."

Olórí mú àjẹ̀ náà, ó gbé e lé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo dúpẹ́."

Obìnrin náà ní, "Kí lẹ dúpẹ́ fún? A ò rí i."

Ó ní, "Pé n ò dá a wá." Ó sì sunkún bí ọmọdé.

Mo bi í léèrè ìyókù rẹ̀, torí mo fẹ́ mọ̀. Ó ní òun kò mọ ìdí tí Ọlọ́run fi jẹ́ kí wọ́n fa ẹnì kan jáde kó sì fi ẹnì kejì sílẹ̀ sínú omi, pé òun yóò bèèrè tí òun bá dé ọ̀hún. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ṣófo yẹn ni òun ti gbà á gbọ́ pé Ọlọ́run wà níbẹ̀, tí ó bá wọn jókòó, tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ náà ń wá. Mo ní kí ó ṣàlàyé. Ó ní òun kò ní àlàyé, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun nìyẹn.

Nígbà tó délé, ó lọ kúnlẹ̀ fún ìyá atukọ̀. Ó sọ ti jẹnẹrétọ̀ fún un, èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Ìyá náà gbọ́. Ó ní, "Ṣé ẹ wá a dáadáa?" Olórí ní, "A wá a títí omi fi fà, màmá." Ìyá náà ní, "Ẹ ṣeun." Ó wá ní kó dìde kó máa lọ, pé òun kò fẹ́ rí ojú rẹ̀ mọ́. Títí tí ìyá náà fi kú, kò kí i mọ́. Olórí kò bínú sí i. Ó ní "ẹ ṣeun" tí ìyá náà sọ yẹn ju ohun tó tọ́ sí òun lọ.

Ó bá ìjọ ṣiṣẹ́ aláàánú fún ọdún mẹ́rìnlá sí i. A kò rí bánà mọ́, a kò rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bó bá dé ibi ìjàǹbá, yóò jókòó sílẹ̀ níwájú ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí, yóò ní, "Ta lẹ ń wá?" Bí ẹni náà bá ń wá ènìyàn, wọ́n á kọ́kọ́ wá ènìyàn ná. Àwọn kan nínú ìjọ ní ó ti pàdánù ìgbàgbọ́ rẹ̀, nítorí kò jó mọ́. Èmi tí mo jókòó tì í nígbà tó ń kú lọ mọ̀ pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìwọ náà wá gbọ́, arákùnrin mi. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi ọ́ ṣe olórí aláàánú. Ní àárọ̀ yìí o wọlé tọ̀ mí wá, ojú rẹ pọ́n. O ní o gbé ìrẹsì lọ fún obìnrin tí ilé jó mọ́ ọmọ rẹ̀ lórí, o gbé òróró lọ, o gbé aṣọ lọ, obìnrin náà kò wo ojú rẹ, kò ní ẹ ṣeun, ògiri ló kọjú sí. O ní kí n bá ọ wá ẹlòmíràn tó mọ oore, kí o lè kó nǹkan náà fún un. O sì pa òwe fún mi, o ní bí ènìyàn bá mọ inú rò, yóò mọ ọpẹ́ dá. Òtítọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n inú obìnrin yẹn ṣì ń jó, kò tíì dé ibi tí ènìyàn ti ń rò. Tí o bá fi dandan gba ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, yóò fún ọ, ìwọ yóò sì gbé irọ́ lọ sílé. Èmi ti kó irú rẹ̀ lọ sílé rí, mo tún dá orin sí i. Ọpẹ́ tí kì í ṣe irọ́ wà, inú ìrora gan-an ló sì máa ń gbà kọjá kó tó jáde, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni yóò dá ọjọ́ fún un. Tìrẹ ni kí o jókòó síbẹ̀ títí yóò fi dé, bí kò bá sì dé, kí o ṣì wà níbẹ̀.

O ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi. O ti sọ irú ìrẹsì tí o gbé lọ fún mi, o ti sọ ẹni tó bá ọ rù ú, o ti sọ bí oòrùn ṣe pa ọ́ lójú ọ̀nà. Ọmọ tó jóná yẹn, kí lorúkọ rẹ̀?

O kò mọ̀ ọ́n. Dìde, kí o lọ béèrè.